Kẹ̀kẹ́ Ológeere àti Òṣìṣẹ́ Òòjọ́ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún ìjíròrò yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí ó ní ọkọ̀ méjì nínú àgbàlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni fún òṣìṣẹ́ tí ó ń gbé Ìsọlọ̀, tí ó sì gbọ́dọ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ní Ìkẹjà kí agogo méje ààbọ̀ òwúrọ̀ tó lù. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó jẹun, kí ó tó san owó ilé, owó ọkọ̀ ti kọ́kọ́ bu tirẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ohun kan wà tí ó ti gbé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì gbé e bọ̀ rí, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ tàbí lálẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Báwo ni ó ṣe dé ilẹ̀ yìí? Báwo ni àwọn tí ó ń gùn ún ṣe tún un tò kí ó lè bá iṣẹ́ àti ọ̀nà wọn mu? Kí ni ó sì lé e kúrò lójú títì?

Ó yẹ kí a ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀, nítorí kẹ̀kẹ́ ológeere ti pàdánù orúkọ rẹ̀ ná kí ó tó pàdánù ojú ọ̀nà. Bí ènìyàn bá dúró sí Òṣòdì lónìí tí ó ní òun ń wá kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọn yóò nawọ́ sí fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní Máruwá, nítorí pé ní àkókò Buba Marwa, ológun tí ó ṣe àkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, ni irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ di ohun tí ó gbajúmọ̀ ní Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, kẹ̀kẹ́, ti pẹ́ ju méjèèjì lọ. Àwọn ìyá wa ti ń pe ohun tí wọ́n fi ń ran òwú ní kẹ̀kẹ́ kí òyìnbó tó gbé irin oníwíìlì kankan wọ̀lú. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá jáde lódindi ní 1884, kẹ̀kẹ́ ogun ni àwọn olùtumọ̀ pe ohun tí Fáráò fi lépa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì dé inú òkun. Nítorí náà, nígbà tí kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà dé, orúkọ ti wà nílẹ̀ dè é. Ohun tí àwọn ènìyàn fi kún un ni ìró ìrìn rẹ̀: ológeere, ohun tí ń lọ geere láìpariwo. Èyí tí ó tẹ̀lé e, tí ó ní ẹ́ńjìnnì nínú, ariwo rẹ̀ náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: alùpùpù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1885 ni John Kemp Starley ti ìlú Coventry gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ jáde, èyí tí wíìlì rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ti ẹ̀yìn. Ṣáájú àkókò yìí, kẹ̀kẹ́ tí wíìlì iwájú rẹ̀ ga bí ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó wọ́pọ̀, ẹni tí ó bá sì ṣubú lórí rẹ̀, orí ni ó fi ń ṣubú. Ní 1888, John Boyd Dunlop ní ìlú Belfast gba ẹ̀tọ́ lórí táyà onífẹ́ẹ́fẹ́. Nǹkan méjì yìí ni ó sọ kẹ̀kẹ́ di ohun tí àgbà lè gùn lọ síbi iṣẹ́. Àsìkò kan náà ni Raleigh bẹ̀rẹ̀ ní Nottingham. Láìpẹ́, Hercules àti BSA ti Birmingham dara pọ̀ mọ́ ọn. Orúkọ wọ̀nyí ni ó wá di orúkọ ilé fún àwọn baba wa. Ọ̀pọ̀ tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ni ó mọ ìyàtọ̀ láàárín Raleigh àti Hercules láti òkèèrè.

Òṣòdì kò tíì di ohun tí ó dà nígbà náà. Ìletò ni, oko sì yí i ká; Ìsọlọ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú àwọn Àwórì, tí ó ti wà tipẹ́. Ojú irin ni ó kọ́kọ́ so Òṣòdì mọ́ ayé. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin náà láti Ìddó gba inú ilẹ̀ lọ. Ó dé Ìbàdàn ní 1901. Ṣùgbọ́n ojú irin kì í yà sílé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ibùdó rélùwéè ní láti rìn, àárín ilé àti ibùdó yìí gan-an ni kẹ̀kẹ́ sì ti rí iṣẹ́ ṣe.

Iṣẹ́ ìjọba ni ó kọ́kọ́ fún kẹ̀kẹ́ níyì ní Èkó àti àgbègbè rẹ̀. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì, akọ̀wé, ẹni tí ń pín lẹ́tà àti tẹligíráàmù, ọlọ́pàá, wolé-wolé tí ń yẹ ìkòkò omi wò nítorí ìdin ẹ̀fọn, gbogbo wọn ni kẹ̀kẹ́ jẹ́ irinṣẹ́ fún. Ìjọba a máa yá òṣìṣẹ́ rẹ̀ lówó láti ra kẹ̀kẹ́, a sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù; ó tún ní owó ìrànwọ́ tí ẹni tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ ń gbà fún ìtọ́jú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìjọba gbà pé ìrìn òṣìṣẹ́ jẹ́ ara iṣẹ́, àti pé agbanisíṣẹ́ ní ìpín nínú ìnáwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni owó kòkó dé. Nígbà tí kòkó gbówó lórí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kẹ̀kẹ́ kún ilẹ̀ Yorùbá láti oko dé ìlú. Nígbà ogun náà fúnra rẹ̀, táyà ti di ọ̀wọ́n, nítorí pé àwọn ará Japan gba ilẹ̀ Màláyà ní 1942, láti ibẹ̀ sì ni èyí tí ó pọ̀ nínú rọ́bà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò ti ń wá. Ẹni tí ó bá ti rí bí àgbàlagbà ṣe ń lẹ túùbù kan ṣoṣo lálẹ̀mọ́ lórí àlẹ̀mọ́ yóò mọ ibi tí ìwà náà ti ṣẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ kò sì bọ́ lọ́wọ́ owó orí. Ìjọba ìbílẹ̀ ń gba owó láísẹ́ǹsì lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń fún onítọ̀hún ní irin pẹlẹbẹ kan tí yóò so mọ́ kẹ̀kẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ó ti san. Òṣòdì, Ìsọlọ̀ àti Mùṣín wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn títí di ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1967. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìsọlọ̀ lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà ń ti abẹ́ ìjọba kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn láàárọ̀, ó sì ń padà lálẹ́.

Bí kẹ̀kẹ́ ṣe wọnú ayé àwọn ènìyàn tó hàn nínú eré Wọlé Ṣóyínká tí ó ń jẹ́ The Trials of Brother Jero, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn ní 1960. Chume, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì, ni ó fi kẹ̀kẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀, Amope, tí obìnrin náà kò sì yéé ráhùn lórí bí ọkọ ṣe gbé e. Àwọn òǹwòran kò nílò àlàyé. Wọ́n ti jókòó lẹ́yìn irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn jù lọ ni bí àwọn ènìyàn wa ṣe tún kẹ̀kẹ́ náà tò. Kẹ̀kẹ́ tí ó ń ti Nottingham àti Birmingham bọ̀ jẹ́ irin líle, dúdú, tí ó wúwo tó nǹkan bí ogún kílò; wíìlì rẹ̀ jẹ́ ínńṣì 28, kò sì ní gíà ju ẹyọ kan lọ bí kò ṣe pé olówó ni ó rà á. Àwọn tí ó ṣe é ro ti ọ̀nà ìlú wọn, wọ́n sì ro ti ẹnì kan ṣoṣo tí yóò jókòó lé e. Ní ọwọ́ ẹni tí ó rà á ní ilẹ̀ wa, kò sí èyí tí ó lè dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tún ṣe. Kárià tí ó bá kẹ̀kẹ́ wá tẹ́ẹ́rẹ́. Ìwé àti aṣọ òjò ni ó lè gbé. Àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tí ń jó irin pọ̀ wá ń fi irin tí ó nípọn rọ òmíràn, wọ́n á sì fi ọ̀pá méjì gbé e dúró tààrà láti orí nọ́ọ̀tì wíìlì ẹ̀yìn, kí ẹrù má baà tẹ mọ́gáàdì mọ́ táyà. Orí irú kárià bẹ́ẹ̀ ni oníbúrẹ́dì ń gbé àpótí onípákó rẹ̀ sí, tí ẹlẹ́mu ń so agbè àti kèrègbè mọ́, tí baba sì ń gbé ìyá àti ọmọ. Túùbù tí ó ti gbó, tí wọ́n gé gbọọrọ, ni okùn ìdirù. Kò sí okùn títà kankan tí ó dára tó o, nítorí ó ń nà, ó sì ń fúnra padà bí ẹrù bá ti rọ̀.

Ẹrù tí ó wúwo ń fẹ́ gíà tí ó rọ̀, ibí yìí sì ni ọgbọ́n àwọn atún-kẹ̀kẹ́-ṣe ti hàn. Bí irin eléyín ti iwájú bá ní eyín 46, tí ti ẹ̀yìn sì ní 18, bí ẹsẹ̀ bá yí pẹ́dà po lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ náà yóò lọ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 19. Ó yá lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú, ṣùgbọ́n kò ṣeé wà lórí ìgòkè afárá pẹ̀lú àpò ìrẹsì lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá yọ irin ẹ̀yìn náà, tí wọ́n fi eléyín 22 sí i, tí wọ́n sì fi ìkò kan tàbí méjì kún ṣéènì, ẹsẹ̀ bàtà bíi 15 ni ìyípo kan yóò gbé e lọ. Ìrìn náà falẹ̀ díẹ̀, orúnkún sì sinmi. Kò gba ju irin kékeré kan àti iṣẹ́ wákàtí kan lọ.

Ti ìjókòó tún wà. Ìlànà àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni pé kí gìgísẹ̀ kan pẹ́dà nígbà tí ó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹsẹ̀ sì nà tán. Nígbà náà, bí a bá fi iwájú ẹsẹ̀ wà á, orúnkún yóò ká díẹ̀, agbára kò sì ní í ṣòfò. Ṣùgbọ́n ní Èkó, níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró láìròtẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn lè kan ilẹ̀ láìsọ̀kalẹ̀, wọ́n sì ń rẹ ìjókòó sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀rù ni ó fa èyí, orúnkún ni ó sì ń san owó rẹ̀. Fún ọmọ kékeré, wọ́n á so ìrọ̀rí mọ́ irin àárín. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, wọ́n á kan pákó mọ́ pẹ́dà.

Bíréékì ni àléébù àtijọ́ náà. Ọ̀pá irin ni ó ń fa rọ́bà mọ́ ríìmù, ríìmù náà sì jẹ́ irin dídán. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ó ń mú. Bí òjò bá rọ̀, rọ́bà náà yóò máa yọ̀ lórí irin tí ó tutù, kẹ̀kẹ́ yóò sì lọ jìnnà kí ó tó dúró. Ìlú tí òjò ń rọ̀ bíi ti Èkó kò yẹ fún irú bíréékì bẹ́ẹ̀, ó sì yani lẹ́nu pé ó pẹ́ lọ́jà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́n máa ń fa bíréékì díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ibi tí yóò ti dúró, kí rọ́bà lè nu omi kúrò lára ríìmù ná.

Títí dé àwọn ọdún 1960, ojú ọ̀nà gbà gbogbo wọn. Ní Ìsọlọ̀, ilé-iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, pàápàá àwọn tí ń hun aṣọ tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́, bíi Aswani àti Afprint. Ọjà ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó ṣì ń jẹ́ Aswani títí di òní ni ó kù tí ó ń rántí orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ a máa ṣe iṣẹ́ alẹ́, a sì máa jáde ní àkókò tí ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí ó ní dáínámò lára táyà àti iná níwájú sàn ju ìlérí awakọ̀ lọ.

Ìyípadà náà dé ní kíákíá. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, gbogbo Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú ọ̀nà, ológeere pẹ̀lú onímọ́tò. Èyí kò pa kẹ̀kẹ́ lára. Owó epo rọ̀bì ni ó pa á lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, òṣìṣẹ́ gba àjẹmọ́nú owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Údójì dámọ̀ràn, ọ̀pọ̀ sì fi tirẹ̀ ra alùpùpù. Ẹni tí ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ rí i pé aládùúgbò òun ti gun ohun tí ń pariwo, ìtìjú sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di pé ní 1977, ìjọba pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ oní-méjìméjì àti èyí tí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ máa jáde lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí àwọn olówó ṣe ni pé wọ́n ra ọkọ̀ kejì.

Ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1970 yìí kan náà ni wọ́n la òpópónà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì. Ọ̀nà náà wúlò, kò sí ẹni tí yóò jiyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n fà á gba àárín ibi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ kọjá sí ara wọn, láti Ìsọlọ̀ sí Ìlásamàjà àti Mùṣín, wọn kò sì fi ààyè kẹ̀kẹ́ sí i. Ìrìn tí kò jìnnà tẹ́lẹ̀ wá di èyí tí ó ń fi ẹ̀mí wéwu. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Níbí, gbogbo ọ̀nà ni ó di ti mọ́tò.

Ó dára kí a rántí pé àwọn ará ilẹ̀ Netherlands náà wà lórí ìjà yìí ní ọdún wọ̀nyẹn gan-an. Ní 1971, ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn lọ tí ó kú lójú títì wọn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé sì wà lára wọn. Àwọn òbí jáde sígboro, wọ́n ní kí wọ́n yéé pa àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí epo tún wọ́n ní 1973, ìjọba wọn fi òfin dá ọkọ̀ dúró ní àwọn ọjọ́ Àìkú kan. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ayé ń lọ wò báyìí. Ọ̀wọ́n epo tí ó ta àwọn yẹn jí ni ó sọ ìjọba tiwa di ọlọ́rọ̀, ọrọ̀ náà sì lọ sínú títì onímọ́tò.

Nígbà tí ètò àtúnṣe ọrọ̀-ajé SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, iṣẹ́ sì dín. Ẹni tí ó bá ní alùpùpù sọ ọ́ di ọkọ̀ èrò; orúkọ ọkọ̀ òfuurufú Okada ni wọ́n fi ń pè é. Ọ̀kadà wá jogún gbogbo ìrìn kékeré tí kẹ̀kẹ́ ológeere ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, láti ilé dé ibùdókọ̀, láti ibùdókọ̀ dé ilé-iṣẹ́. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni èyí fi rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Èkó lé e kúrò lórí ọ̀nà 475 ní 2012. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án 2022, òfin ìdènà náà kan ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ lódindi, pẹ̀lú Mùṣín, Ṣómolú àti Kòsọ́fẹ́. Ní òpin oṣù karùn-ún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jálá epo sì fò láti iye tí kò tó 200 náírà dé 488 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó ọkọ̀ tẹ̀lé e.

Èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ padà sí ẹnu àwọn ènìyàn. Ìjọba ti tún Òṣòdì ṣe lóòótọ́: wọ́n kó ọjà kúrò lójú irin ní oṣù kìn-ín-ní 2009, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá alájà púpọ̀ ní 2019, ọkọ̀ ojú irin Red Line sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá 2024, tí Òṣòdì wà lára ibùdó rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ gbé ìwé ìlànà kan jáde ní 2018 lórí àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn àti àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́. Ìwé tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ní èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú títì Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ìwé náà kò tíì di ọ̀dà lójú ọ̀nà.

Kẹ̀kẹ́ tí òṣìṣẹ́ lè rà báyìí kì í ṣe Raleigh dúdú ti àtijọ́ mọ́. Tòkunbọ̀ ni, ó sì sábà máa ń jẹ́ kẹ̀kẹ́ onígíà tí wọ́n ṣe fún orí òkè àti inú igbó, tí táyà rẹ̀ ní kókó bí ẹ̀yìn ọ̀nì, tí kò sì ní mọ́gáàdì, kárià, agogo tàbí iná. Èyí túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ dá gbogbo ohun tí àwọn baba ti ní lára kẹ̀kẹ́ tiwọn padà. Táyà olókòókó yẹn ń jẹ agbára ẹni lórí ọ̀dà. Èyí tí ó dán, tí ó sì fẹ̀ díẹ̀ nítorí kòtò, ni ó yẹ. Mọ́gáàdì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ẹrẹ̀ oṣù kẹfà, nítorí kò sí ọ̀gá tí yóò gba òṣìṣẹ́ tí ẹrẹ̀ tò sí lẹ́yìn bí ìlà. Iná pupa lẹ́yìn, agogo lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n tí ó nípọn fún títì kẹ̀kẹ́ mọ́ irin. Bíréékì rẹ̀ sàn ju ti àtijọ́, nítorí ríìmù alumíníọ̀mù ń di rọ́bà mú nínú òjò. Gíà púpọ̀ náà wúlò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ń lọ sí ibi iṣẹ́ kì í lò ju mẹ́ta lọ nínú gbogbo wọn. Ohun tí kò yí padà ni iṣẹ́ fọ́kánáísà: ìṣó àti àfọ́kù ìgò ṣì ń lu túùbù, a ṣì ń tì í bọ inú abọ́ omi láti rí ibi tí ó ti ń hó, a ń há ojú rẹ̀, a ń fi gọ́ọ̀mù sí i, a ń lẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí, òṣìṣẹ́ náà yóò kúrò ní Ìsọlọ̀ ní ìdájí, yóò gba inú àdúgbò títí dé etí òpópónà márosẹ̀. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀nà tí òfin fi sílẹ̀ fún un láti kọjá. Àtẹ̀gùn ni afárá náà ní. Yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò ki ọwọ́ bọ abẹ́ irin àárín, yóò gbé kẹ̀kẹ́ náà kọ́ èjìká pẹ̀lú kárià àti ohun gbogbo tí ó wà lórí rẹ̀, yóò sì máa gùn ún ní ìpele kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn tí ń sáré bá ọkọ̀, tí wọn kò sì ní í fẹ́ yà fún un.